Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde bó ṣe gùn tó, nítorí ọ̀rọ̀ ibi ìkọ̀kọ̀ ni, àwọn tó sì kàn kì í fẹ́ bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ní Èkìtì níbí, bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ìgbẹ́ jáde, bí ihò ìdí bá ń yúnni, bí kókó kan bá yọ síbẹ̀ tàbí tí ìjókòó ń nini lára, jẹ̀díjẹ̀dí la máa ń kọ́kọ́ fura sí, ibẹ̀ náà ni ìfura wa máa ń parí sí. A ó ní ṣúgà ló fà á. Ẹni tó ń ta àgbo ní gáréèjì Adó tàbí lójú títì Ìkẹ́rẹ́ á bu ife kan, á fi ògógóró là á bí oníbàárà bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó parí. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tó ń pani. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ìdí tó wú ni, tàbí awọ ẹnu ihò ìdí tó ya nítorí ìgbẹ́ líle. Ṣùgbọ́n àmì kan náà ni jẹjẹrẹ ihò ìdí máa ń fi hàn, àgbo tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ kò sì lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé jẹjẹrẹ yìí kì í ṣàdédé dé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni awọ ibẹ̀ fi máa ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó tó di jẹjẹrẹ. Láàárín àsìkò yẹn, a lè rí i, a sì lè mú un kúrò, bí ẹni tó ń wò ó bá ní awò tó yẹ lọ́wọ́ tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àyẹ̀wò náà ni àwọn oníṣègùn ń pè ní high-resolution anoscopy. N ó máa pè é ní àyẹ̀wò awò.

Kòkòrò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HPV ló ń fa nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá jẹjẹrẹ ihò ìdí. Oríṣi rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, àmọ́ HPV 16 ló burú jù níbi tí à ń sọ yìí. Àwọn ìyá tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ rí ti gbọ́ orúkọ kòkòrò yìí, torí òun náà ló ń fa jẹjẹrẹ tibẹ̀. Inú ihò ìdí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Láàárín rẹ̀ ni ojú ààlà kan wà, níbi tí awọ tó jọ awọ ara wa ti pàdé awọ rírọ̀ tó bo inú ìfun. Irú ààlà bẹ́ẹ̀ wà ní ẹnu ilé ọmọ pẹ̀lú, ibi tí awọ kan ti ń yí padà di òmíràn ni HPV sì ti máa ń ráyè jókòó. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn á lé e lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì. Èyí tí kò lọ ló ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́.

Ìfarakanra awọ sí awọ ló ń gbé kòkòrò náà kiri. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo ẹni tó ní àrùn ihò ìdí kó sì máa ro ìròkurò sí i. Obìnrin tí HPV wà ní ojú ara rẹ̀ lè ní in ní ihò ìdí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a lò pọ̀ níbẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí torí pé ìfura yìí gan-an ni kì í jẹ́ kí àwọn ìyá wa sọ̀rọ̀ síta, tí àìsàn á fi dàgbà mọ́ wọn lára.

Kì í ṣe gbogbo ará ìlú ló nílò àyẹ̀wò yìí, torí jẹjẹrẹ náà kò wọ́pọ̀ láàárín gbogbo èèyàn. Àwọn kan wà tí ewu rẹ̀ súnmọ́ wọn ju àwọn yòókù lọ. Nínú ìlànà tí International Anal Neoplasia Society, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń rí sí jẹjẹrẹ ihò ìdí, gbé jáde ní 2024, ọkùnrin tó ní HIV tó sì ń bá ọkùnrin lò pọ̀ ni kó bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 35. Ẹnikẹ́ni mìíràn tó bá ní HIV, lọ́kùnrin lóbìnrin, kó bẹ̀rẹ̀ ní 45. Ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ tí kò ní HIV, 45 náà ni. Obìnrin tí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ tàbí ohun tó fẹ́ di jẹjẹrẹ ní ètè ojú ara rẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọdún kan tí wọ́n rí i. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín tàbí ẹ̀yà ara mìíràn fún, láti ọdún kẹwàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Obìnrin tó ti ní irú rẹ̀ ní ẹnu ilé ọmọ, kí òun àti dókítà rẹ̀ jọ gbèrò rẹ̀ bó bá ti pé 45. Sìgá mímu tún ń fi kún ewu fún gbogbo wọn. Ẹ ó rí i pé àwọn tó ní HIV ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mo kà sílẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń lò ń jẹ́ kí ẹ̀mí wọn gùn, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí tó gùn náà ló ń fún HPV ní ọdún púpọ̀ tó fi lè ṣe ibi. Ẹni tó ń wá gba oògùn ní kílíníìkì lóṣooṣù tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè nípa ìdí rẹ̀ rí, a ti fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ nínú ìtọ́jú rẹ̀.

Kó tó kan awò, ìka ọwọ́ wà. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì á wọ ìbọ̀wọ́, á fi jẹ́lì pa ìka ìfábẹ̀lá, á rọra tì í wọlé, á sì fi tọ gbogbo inú rẹ̀ yípo. Ohun tó ń wá ni ibi tó le, ibi tó ki, egbò, tàbí kókó tí kì í sún. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú máa ń rọ̀, jẹjẹrẹ máa ń le. Ìṣẹ́jú kan kò ní í kọjá kó tó parí. Kò ná owó kankan ju ti ìbọ̀wọ́ àti jẹ́lì lọ, kò sì sí ibùdó ìlera kan ní Èkìtì tí kò lè ṣe é, bó jẹ́ Ọ̀mùò, bó jẹ́ Ẹfọ̀n. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ aláìsàn tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń kọ oògùn jẹ̀dí fún látorí àga, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ìka kàn án. Èyí kò dára. Ìka nìkan ti tó láti rí jẹjẹrẹ tó ṣì kéré, ìyẹn èyí tí ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn.

Ohun tí ìka kò lè rí ni èyí tí kò tíì di kókó. Fún ìyẹn, wọ́n máa ń kọ́kọ́ gba sẹ́ẹ̀lì. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ jẹ́ òwú polyester ni wọ́n ń lò, kì í ṣe òwú gidi, torí òwú gidi máa ń gbé sẹ́ẹ̀lì mọ́ra, kì í jẹ́ kó jáde. Omi lásán ni wọ́n fi ń rin ín. Kí wọ́n ṣe é ṣáájú àyẹ̀wò ìka, nítorí jẹ́lì máa ń ba àbájáde lábù jẹ́. Wọ́n á tì í wọ inú tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, wọ́n á sì máa yí i bí wọ́n ṣe ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Fífà á yọ kíákíá ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí. Sẹ́ẹ̀lì kò ní í tó, lábù á sì kọ̀wé pé àwọn kò rí nǹkan kà. Fún wákàtí mẹ́rìnlélógún ṣáájú, kí aláìsàn má fi omi tàbí oògùn kankan sí ìdí, kó má sì bá ẹnikẹ́ni lò pọ̀ gba ibẹ̀. Bí lábù bá rí ohunkóhun tó yàtọ̀, bó ti wù kó kéré mọ, inú àyẹ̀wò awò ló ń lọ, torí sẹ́ẹ̀lì tó jọ pé kò bà jẹ́ púpọ̀ lè wá láti ara ibi tó ti bà jẹ́ gan-an.

Awò tí wọ́n ń lò kì í ṣe nǹkan àjèjì. Colposcope ni, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Jámánì ní 1925 fún ẹnu ilé ọmọ. Ó ní iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa àti awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá títí dé ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ní ìta ara, kò wọ inú ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń wọlé ni anoscope, ike róbótó kúkúrú tí inú rẹ̀ ṣófo.

Aláìsàn á fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, á ká orúnkún sí àyà. Kò nílò ààwẹ̀, kò nílò oògùn oorun. Dókítà á fi jẹ́lì tí lidocaine, oògùn aparora, wà nínú rẹ̀ pa ihò ìdí, á fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò, á sì ti anoscope wọlé. Yóò wá kó aṣọ gọ́ọ̀sì wé igi olówùú, á rì í sínú acetic acid ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn irú omi kíkan tó wà nínú fíníígà, á gba inú anoscope tì í wọlé, á yọ anoscope, á sì fi gọ́ọ̀sì náà sílẹ̀ nínú fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Omi náà máa ń ta díẹ̀, kì í dunni. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ awọ tó ti bà jẹ́ di funfun, nígbà tí awọ tó dá ṣáṣá á wà ní àwọ̀ rẹ̀. Láìsí omi kíkan yìí, ojú lásán ò rí nǹkan kan, awò pàápàá ò fi bẹ́ẹ̀ rí i.

Wọ́n á yọ gọ́ọ̀sì, wọ́n á dá anoscope padà, dókítà á wá máa fi awò wo ojú ààlà náà yíká bó ṣe ń fa anoscope bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibí ni iṣẹ́ gidi wà. Inú ihò ìdí kò tẹ́jú bí ẹnu ilé ọmọ. Ó ṣẹ́ po bí ẹnu àpò tí wọ́n fi okùn fà pọ̀, ohun tí à ń wá sì lè sá sábẹ́ ìṣẹ́po kan, tàbí sẹ́yìn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú. Ó ní láti máa fi igi olówùú ṣí ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, kó sì máa kán omi kíkan náà sí i léraléra, torí funfun yẹn máa ń ṣá bí ìṣẹ́jú bá ti ń lọ. Kì í ṣe gbogbo funfun ló burú. Wọ́n máa ń wo etí rẹ̀ bóyá ó gún, wọ́n sì máa ń wo iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ bóyá ó tò bí àmì tín-tìn-tín tàbí bí ojú àwọ̀n. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè fi áyódìnì Lugol kùn ún. Awọ tó dá máa ń fà á mu, á pọ́n dúdú. Awọ tó bà jẹ́ kì í gbà á, á máa wò bí àwọ̀ ìyeyè. Ẹni tí áyódìnì bá máa ń bá jà, kó tètè sọ. Wọn kì í sì í gbàgbé awọ ìta, láti ẹnu ihò ìdí lọ yíká.

Ibi tó bá fura sí ni dókítà á ti fi ẹ̀mú kékeré já ẹran tí kò ju mìlímítà méjì sí mẹ́ta lọ, láti fi ránṣẹ́ sí lábù. Inú lọ́hùn-ún kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora, ṣùgbọ́n awọ ìta máa ń mọ̀ ọ́n, abẹ́rẹ́ aparora ló ń ṣíwájú níbẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, irú warfarin, gbọ́dọ̀ ti sọ ṣáájú. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè kán fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Omi mímu púpọ̀ àti oúnjẹ tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ, ọsàn tí a jẹ pẹ̀lú ẹran inú rẹ̀, ló dára lákòókò yẹn, kì í ṣe àgbo tó ń ṣí inú. Gbogbo àyẹ̀wò náà kì í sábà ju ìdajì wákàtí lọ.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ jù ni ìkánjú. Èkejì ni ọwọ́ tí kò mọ́ iṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe àkóso iṣẹ́ yìí sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí ojú òun mú kò gbọdọ̀ ṣe é ní ìwọ̀nba, ó kéré tán àádọ́ta èèyàn lọ́dún. Mo gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Dókítà tó bá ń ṣe ẹyọ méjì lọ́dún yóò máa sọ fún èèyàn pé kò sí nǹkan nígbà tí nǹkan wà. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní í gba gbogbo ilé ìwòsàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n dáwọ́ lé e. Ẹ tún jẹ́ ká mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ihò ìdí nìkan ni awò yìí ń wò. Kò rí ìfun ńlá. Ẹni tó ti lé ní 45 tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ yí padà tó sì ń rù, colonoscopy, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wo inú ìfun ńlá, ló tún yẹ kó ṣe, torí jẹjẹrẹ ìfun ńlá wọ́pọ̀ ju ti ihò ìdí lọ.

Bí lábù bá sọ pé ohun tí wọ́n já jẹ́ HSIL, ìpele tó súnmọ́ jẹjẹrẹ nìyẹn, kì í ṣe jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Wọ́n lè fi iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì jó o kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ aparora, aláìsàn á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n tún lè fi ásíìdì trichloroacetic kán an bí ó bá kéré, tàbí kí wọ́n lo ìpara imiquimod. Ó máa ń padà yọ lára ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí kòkòrò tó fà á ṣì wà nínú awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fún ìdí yìí, àyẹ̀wò míì ní bíi oṣù mẹ́fà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fò.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá jíjó o kúrò ṣe àǹfààní kankan. Wọ́n ti dán an wò. Ní Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní ANCHOR, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022, wọ́n pín èèyàn 4,459 tó ní HIV tí HSIL sì ti wà lára wọn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n tọ́jú ìdajì, wọ́n ń ṣọ́ ìdajì yòókù. Mẹ́sàn-án nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú ló ní jẹjẹrẹ, mọ́kànlélógún nínú àwọn tí wọ́n kàn ń ṣọ́. Ìtọ́jú dín in kù ní ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ìyàtọ̀ náà hàn gbangba, wọ́n dá ìwádìí dúró kí wọ́n lè tọ́jú gbogbo wọn.

Ẹ wá wo ohun tó ń dúró de ẹni tí wọn kò tètè rí tirẹ̀. Ìtànṣán (radiotherapy) ni wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ihò ìdí, pẹ̀lú oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ (chemotherapy), láti Monday dé Friday fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ará Èkìtì tó bá nílò ìtànṣán, Ìbàdàn tàbí Èkó ni wọ́n ń gbé lọ. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀, owó yàrá, owó oúnjẹ ẹni tó tẹ̀ lé aláìsàn, ká má tíì sọ owó ìtọ́jú. Bí ìyẹn kò bá sì ràn án, wọ́n á gé ihò ìdí kúrò, àpò tó wà lára ikùn ni onítọ̀hún á máa gbà yàgbẹ́ títí ayé.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìlera Èkìtì kò tóbi. Àwa náà ní ilé ìwòsàn ńlá ní Adó àti ní Ìdó. Kí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn di ibi tí gbogbo ìpínlẹ̀ yóò máa rán aláìsàn lọ, kí ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é lè tètè mọ́ iṣẹ́. Colposcope tí wọ́n fi ń wo ẹnu ilé ọmọ náà ni wọn yóò lò, lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Ohun tó kù ni anoscope oníke, gọ́ọ̀sì, omi kíkan, áyódìnì, ẹ̀mú kékeré, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó o. Kí wọ́n rán dókítà méjì lọ kọ́ṣẹ́, kì í ṣe ẹyọ kan, torí a mọ bí àwọn dókítà wa ṣe ń lọ sí òkè òkun. Kí wọ́n bá ẹni tó ń ka ẹran lábù sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí awò kò wúlò bí ẹran tí a já bá jókòó sínú ìgò fún oṣù mẹ́ta láìsí ẹni tó kà á. Ṣáájú gbogbo èyí, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí àyẹ̀wò ìka di ohun tí gbogbo kílíníìkì HIV ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú káàdì.

Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe pásítọ̀ tàbí àlùfáà. Bí aláìsàn bá sọ ohun tó ń ṣe ní yàrá rẹ̀, inú fáìlì ni kó parí sí, kó má dé etí ẹnikẹ́ni ní kọ́rídọ̀. Kí aṣọ ìbora wà, kí ìlẹ̀kùn tì, kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró ti obìnrin.

Ẹ̀yin òbí, abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV ti wà ní Nàìjíríà láti October 2023 fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá, ẹyọ kan ṣoṣo, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣe gbọ́ ti àwọn tó ń sọ pé ó ń ba ilé ọmọ jẹ́, irọ́ ni. Ẹ mú wọn lọ sí ibùdó ìlera tó súnmọ́ yín.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ìdí rẹ̀ bá sì ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí kókó ibẹ̀ le tí kò sún, kó lọ bá dókítà, kó sì sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé: «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka yẹ̀ mí wò kẹ́ ẹ tó kọ oògùn.»

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Òṣìṣẹ́ ìlera kan,
Adó-Èkìtì